Bí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn ṣe di ìsọfúnni tí gbogbo ayé ń lò

Kò sí ilé ìwádìí àbùdá tó lórúkọ láyé lónìí tí wọn kò ti mọ YRI. Àmì tí wọ́n fi ń pe àwọn Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn. Èèyàn 90 péré ló kọ́kọ́ wà lẹ́yìn àmì náà. Lójú tèmi, wọ́n wà lára àwọn tí ayé tipasẹ̀ wọn kọ́ bí a ṣe ń pín ìsọfúnni ìlera láì tú àṣírí ẹni tó ni ín.

Ọdún 1996 ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀, nígbà tí àwọn tó ń ka DNA ọmọ ènìyàn ṣèpàdé ní Bermuda. Tẹ́lẹ̀, bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bá rí nǹkan, yóò tọ́jú rẹ̀ sápò títí ìwé rẹ̀ yóò fi jáde. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé ohun tí wọ́n bá kà gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 24, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlànà rere ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú ilé ìwádìí ló ń bójú tó. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002, orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní HapMap. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí DNA ẹnì kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, kí ó lè rọrùn láti tọpa àwọn àìsàn bí àtọ̀gbẹ. Ìbàdàn, Tokyo, Beijing àti Utah ní Amẹ́ríkà ni àwọn tí wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ wọn ti wá.

Charles Rotimi àti Clement Adebamowo, àwọn olùwádìí ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó ṣe ti Ìbàdàn. Wọn kò sáré gbé abẹ́rẹ́ jáde. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó béèrè ẹni tó fẹ́. Ẹni tí òbí bàbá rẹ̀ àti òbí ìyá rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́ Yorùbá ni wọ́n ń gbà. Ìdílé 30 ni wọ́n lò: bàbá, ìyá àti ọmọ kan tó ti dàgbà. Ìdajì DNA ọmọ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá; bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà níwájú ẹni, a ó mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ààbò tí wọ́n ṣe. Wọn kò fi orúkọ sí i, wọn kò kọ àìsàn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ju èyí tí wọ́n lò lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gan-an kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé tòun wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Coriell, ilé ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì ní Camden, ìpínlẹ̀ New Jersey, ni wọ́n kó o lọ. Wọ́n sọ sẹ́ẹ̀lì náà di èyí tó ń bí sí i tí kì í tán, nọ́ńbà ló sì dúró fún orúkọ. NA18507 ni ọ̀kan, ọkùnrin ni; ní 2008, ó wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n ka DNA wọn látòkèdélẹ̀.

Wọ́n tún gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ará àdúgbò, Coriell sì ń ròyìn fún un nípa àwọn tó ń gba sẹ́ẹ̀lì náà àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn olùwádìí kí wọ́n má pe àwọn èèyàn yìí ní ọmọ Áfíríkà lásán, nítorí ohun tí wọ́n bá rí lára ará àdúgbò kan ní Ìbàdàn kì í ṣe ti gbogbo adúláwọ̀. Ìkìlọ̀ yìí tọ́ gan-an.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lo àkójọ náà gbọ́dọ̀ gbà pé òun kò ní fi gba ẹ̀tọ́ tí yóò dí ẹlòmíì lọ́wọ́. Wọ́n mú àdéhùn yẹn kúrò ní òpin 2004. Nígbà tí èsì jáde ní 2005, èèyàn 269 ló wà nínú rẹ̀.

Ṣé yíyọ orúkọ kúrò tó? Ní 2008, àwọn olùwádìí fi hàn pé èèyàn lè mọ̀ bí DNA ẹnì kan bá wà nínú àkójọ tí wọ́n da ti ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sí. Kíá ni NIH, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, mú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kúrò níta gbangba. Ní 2013, àwọn mìíràn lo apá DNA tí bàbá ń fún ọmọkùnrin nìkan, wọ́n fi wá orúkọ ìdílé lórí àwọn ojúlé ìtàn ìdílé, wọ́n fi ọjọ́ orí kún un, wọ́n sì dá àwọn ará Utah kan mọ̀. Wọ́n yára yọ ọjọ́ orí kúrò lójútáyé.

H3Africa, tí NIH àti Wellcome Trust, àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, kéde ní 2010 fún ìwádìí àbùdá nílẹ̀ Áfíríkà, tọ ọ̀nà mìíràn: olùwádìí yóò kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, yóò sọ ohun tó fẹ́ fi ìsọfúnni náà ṣe, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Èyí ni mo fara mọ́, nítorí àìsàn àwọn èèyàn wà nínú àkọsílẹ̀ tiwọn. Nàìjíríà ṣòfin ààbò ìsọfúnni ní 2023, ó sì ka ti ìlera àti ti àbùdá mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Àwọn ará Ìbàdàn ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú òfin yẹn. Ìyọ̀ǹda tí àwọn fúnra wọn ṣe àti ìgbìmọ̀ àdúgbò wọn ni wọ́n gbójú lé.