Orin karùn-ún tí kò ní ohùn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí *Pearl*, àwo Janis Joplin

Ní oṣù kejì ọdún 2025, orin ẹgbẹ́ Beatles kan, "Now and Then", gba ẹ̀bùn Grammy. John Lennon, ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú orin náà, ti kú láti ọdún 1980. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ló kọrin. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe tuntun, pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe *Pearl*, àwo Janis Joplin tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 1971, nígbà tí olórin náà kò ti sí lókè eèpẹ̀ mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ àgùntàn. Èsì sí àwọn ìbéèrè tó ń jáde lẹ́nu àwọn olùgbọ́ nìyí.

Ta ni Janis Joplin?

Ọmọ ìlú Port Arthur ní Texas ni, wọ́n bí i ní ọdún 1943. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ń kọ blues ló ti kọ́ orin: Bessie Smith, Big Mama Thornton. Orin Thornton kan, "Ball and Chain", ló fi mì àwọn èrò tìtì ní àjọ̀dún orin Monterey ní ọdún 1967. Kò sì fi ibi tó ti bu omi mu pamọ́. Ní ọdún 1970, ibojì Bessie Smith ní Pennsylvania ṣì wà láìsí òkúta orúkọ lórí rẹ̀, láti ọdún 1937 tó ti kú. Janis àti obìnrin kan tó ti bá Bessie ṣe iṣẹ́ ilé nígbà èwe ni wọ́n jọ san owó òkúta náà.

Ṣé lóòótọ́ ló ti kú kí àwo náà tó jáde?

Lóòótọ́ ni. Oògùn olóró heroin ló pa á ní Hollywood ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1970. Ọmọ ọdún 27 ni.

Ta ló wá kọ orin inú rẹ̀?

Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu kọ gbogbo èyí tó ní ohùn. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe àfarawé ohùn ènìyàn báyẹn ní ọdún 1970, kò sì sí ẹni tí wọ́n pè láti wá ṣe bíi tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú àwọn ènìyàn lójú ni pé wọ́n rò pé ńṣe ni olórin àti àwọn onílù máa ń dúró pọ̀, tí wọ́n á kọ orin kan tán, tó parí síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Téèpù tí wọ́n ń lò ní sítúdíò nígbà náà fẹ̀, ó sì ní ojú ọ̀nà púpọ̀ tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìlù ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, gìtá ní tirẹ̀, dùùrù ní tirẹ̀, ohùn olórin ní tirẹ̀. Ẹ lè pa ọ̀kan rẹ́ kí ìyókù wà níbẹ̀. Ẹ lè fi gìtá tuntun kún un lónìí, kí ẹ fi agogo kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí àwọn onílù bá ń ṣe tiwọn, olórin á sábà kọ ohùn kan sílẹ̀ tí wọ́n á máa tẹ̀ lé, ohùn atọ́nà, kí ó tó padà wá kọ èyí tó ṣe é gbé jáde. Nígbà mìíràn atọ́nà yìí á dùn ju èyí tó gbẹ̀yìn lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù àṣìṣe nígbà tó ń kọ ọ́.

Sunset Sound ní Los Angeles ni wọ́n ti ṣe *Pearl*. Paul Rothchild, tó ti darí àwo ẹgbẹ́ The Doors, ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ Full Tilt Boogie, ọkùnrin márùn-ún, ló ń lu ohun èlò. Nígbà tí olórin wọn kú, ohùn rẹ̀ ti wà lórí téèpù fún orin mẹ́sàn-án. Wọ́n padà sí sítúdíò láti parí ohun èlò tó kù lábẹ́ ohùn náà. Gbogbo àṣírí rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Orin karùn-ún kò ní ohùn kankan. Ṣé fóònù mi ló bàjẹ́?

Rárá o. Fóònù yín kò ní nǹkan kan. "Buried Alive in the Blues" lorúkọ orin yẹn, Nick Gravenites ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Wọ́n ti lu ohun èlò rẹ̀ tán, wọ́n ń dúró de Janis kó wá fi ohùn sí i. Kò dé.

Wọ́n lè yọ orin náà kúrò, kí àwo jẹ́ orin mẹ́sàn-án. Wọn kò yọ ọ́. Ibi tí wọ́n fi sí tún yẹ ká wò dáadáa: òun ló parí ojú àkọ́kọ́ àwo. Ẹni tó ra àwo náà ní ọdún 1971 á gbọ́ orin mẹ́rin tí Janis ń ké nínú wọn, lẹ́yìn náà ìlù, gìtá àti dùùrù nìkan fún bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, abẹ́rẹ́ á dé àárín, ilé á pa rọ́rọ́, òun fúnra rẹ̀ á sì dìde lọ yí àwo sí ojú kejì. Ẹni tó ń gbọ́ ọ lórí fóònù kò rí ìdákẹ́jẹ́ yẹn, orin kẹfà á ti já lu karùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbà olùgbọ́ ń sọ, ẹ tẹ ìdádúró lẹ́yìn orin karùn-ún, kí ẹ lọ pọn omi mu kí ẹ tó padà wá.

"Mercedes Benz" ńkọ́? Àdúrà ni àbí kí ni?

A ní láti dúró níbí díẹ̀, nítorí a mọ ara wa. Ènìyàn ń bẹ Olúwa nínú orin yìí pé kó ra mọ́tò fún òun, kó tún ra tẹlifíṣọ̀n. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, orin ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìyẹn, ẹlòmíràn á sì ṣe àmín sí i tinútinú. Ẹ̀fẹ̀ ni obìnrin yìí ń ṣe. Àwọn tó gbà pé ọjà rírà lè mú ọkàn balẹ̀ ló ń fi orin náà bú. Òun, Bob Neuwirth àti akéwì Michael McClure ni orúkọ wọn wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 1995, ilé iṣẹ́ mọ́tò náà fi orin ọ̀hún polówó ọjà, àfi bí ẹni tí wọ́n bú tó ní kí wọ́n tún un bú sí máìkì. Janis alára, Porsche alárabarà ló ń wà. Ní ọdún 2015 wọ́n ta mọ́tò yẹn ní gbàǹjo ní $1.76 mílíọ̀nù.

Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1970 ló kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó kú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí ìlù, láìsí gìtá. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi ohun gbígbọ́ sétí kí ẹ tẹ́tí sí ìparí rẹ̀: ẹ ó gbọ́ ẹ̀rín tó bú nígbà tó kọ ọ́ tán. Kò sí ẹni tó gé e kúrò.

Ṣé kì í ṣe ikú rẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn àwo náà?

Ikú ló pe àwọn ènìyàn wá sídìí rẹ̀. A ò lè sẹ́ ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, "Me and Bobby McGee" tí wọ́n yọ nínú rẹ̀ náà dé ipò kìíní ní oṣù kẹta ọdún 1971. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí olórin tó ti kú máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn Otis Redding ní 1968. Ṣùgbọ́n àánú kì í pẹ́ tó àádọ́ta ọdún. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà tó kú ló ń gbọ́ ọ báyìí.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni àyè. Nínú *Cheap Thrills*, àwo rẹ̀ ti ọdún 1968, gìtá pariwo débi pé Janis ní láti pariwo jù wọ́n lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn afunfèrè ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ní *Pearl*, dùùrù méjì ló dì í mú, Richard Bell lórí piano, Ken Pearson lórí organ, wọn kì í sì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ gbọ́ "Cry Baby": igbe ló fi bẹ̀rẹ̀, igbe tó ń fà ya bí aṣọ, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín, ó dá orin dúró, ó ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ gbọ́ "Bobby McGee": gìtá lásán àti ohùn tó rọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn orin gòkè sí ipele mìíràn, ìlù wọlé, nígbà tó fi máa parí kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, "la la la" nìkan. Kris Kristofferson tó ṣẹ̀dá orin náà kò gbọ́ bí Janis ṣe kọ ọ́ àfi lẹ́yìn ikú Janis.

Ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ̀ pé ohùn náà há, ó sì ń já níbì kan, wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn nìyẹn.

Ṣé ọtí ló fún un ní ohùn yẹn?

Rárá. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ wò.

Mo fẹ́ kọrin bíi tirẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ṣọ́ra. Bí okùn ohùn méjèèjì inú ọ̀fun bá ń gbá ara wọn líle lójoojúmọ́, kókó lè yọ sí etí wọn, wọn ò sì ní lè padé dáadáa mọ́. Atẹ́gùn á máa jò gba àárín wọn, ohùn òkè á kọ́kọ́ lọ. Ẹ mu omi, ẹ mú ohùn gbóná kí ẹ tó ké, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ bó bá ti ń dun yín. Ohùn tó bá há fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò là, ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló kàn. Kíkẹ́lẹ́ sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìsinmi fún ohùn, dídákẹ́ ni ìsinmi.

Ta ló ń gba owó rẹ̀ báyìí?

Owó méjì ló wà lórí orin kọ̀ọ̀kan: ti ẹni tó ṣẹ̀dá orin, àti ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Nínú orin mẹ́wàá, "Move Over" nìkan ni Janis dá ṣẹ̀dá, ó sì bá àwọn mìíràn ṣẹ̀dá "Mercedes Benz". Tí rédíò Amẹ́ríkà bá gbé "Bobby McGee", ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orin tí Kristofferson àti Fred Foster jọ ṣẹ̀dá ni owó ń lọ. Rédíò ibẹ̀ kì í san kọ́bọ̀ fún ohùn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń san méjèèjì, ilé iṣẹ́ tó ni téèpù á sì mú tirẹ̀ kí ó tó kan àwọn àbúrò Janis méjì tó ń bójú tó ogún rẹ̀.

Ó ti pẹ́. Ṣé mo lè fi sábẹ́ fídíò mi?

Ẹ má ṣe é. Òfin Amẹ́ríkà dáàbò bo ohùn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún yẹn títí di oṣù kejì ọdún 2067, ti Bìrìtìkó títí di ìparí 2041. Bí YouTube bá dá a mọ̀, ẹni tó ni orin lè pa fídíò yín lẹ́nu mọ́ tàbí kó gba owó ìpolówó rẹ̀.

Ṣé wọn ò ní fi ẹ̀rọ kọ ohùn sí orin karùn-ún?

Ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà lè ṣe é lónìí, ìyẹn sì ni ká bẹ̀rù. Ẹ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Nínú "Now and Then", Lennon ló kọrin sínú kásẹ́ẹ̀tì nílé ara rẹ̀, ẹ̀rọ kàn yọ ohùn rẹ̀ kúrò lára dùùrù ni. Ẹni tí ẹ̀rọ bá ṣe àfarawé rẹ̀ kò kọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá fi orin Janis "tuntun" ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi wọ́n léèrè: sítúdíò wo, ọjọ́ wo, ta ló lu ìlù rẹ̀? Díẹ̀ nínú àwọn téèpù tó ṣẹ́ kù láti sítúdíò náà ti jáde ní ọdún 2012 lórúkọ *The Pearl Sessions*, àwọn tó ṣe é sì sọ ibi tí wọ́n ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo rí àwo àtijọ́ rẹ̀ nínú ẹrù bàbá wa. Kí ni kí n ṣe sí i?

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí rẹ̀. Nọ́ńbà KC 30322 ni ti Amẹ́ríkà àkọ́kọ́, bébà pupa ló wà láàárín àwo náà, tí wọ́n fi wúrà kọ Columbia yí i ká. Ẹ gbé àwo sí ojú ìmọ́lẹ̀: ìlà tí ìka yín kò bá mọ̀ lára kì í sábà ba orin jẹ́, èyí tí ìka mọ̀ á máa ta pó, pó, pó.

Fún fífọ̀, omi tí wọ́n ń ta fún bátìrì mọ́tò ni kí ẹ lò (omi o, kì í ṣe ásíìdì), ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan ṣoṣo sínú lítà kan. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ máa tẹ̀ lé ìlà àwo yíká, kí ẹ fi omi nìkan ṣàn án lẹ́yìn náà. Bébà àárín kò gbọdọ̀ tutù. Ẹ má fi sípíríìtì kàn án. Bí àwo mìíràn bá wà nínú ẹrù náà tó wúwo, tó ń fọ́ bí àwo oúnjẹ, tí wọ́n kọ 78 sí, sípíríìtì á yọ́ ọ pátápátá.

Ẹ̀rọ yín, 33 ni kí ẹ fi sí. Abẹ́rẹ́ púpọ̀ ń fẹ́ ìwọ̀n gíráàmù kan àbọ̀ sí méjì. Bó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, fífò ni yóò máa fò, bó ṣe ń balẹ̀ lá á máa gbẹ́ àwo. Ẹ tò wọ́n ní ìnàró. Ẹ má tò wọ́n jọ lórí ara wọn, ẹ má sì fi wọ́n sẹ́yìn mọ́tò nínú oòrùn, nítorí àwo tó bá ti ká kì í sábà nà mọ́.