Bí Ogun Ṣe Yá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Lò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Obìnrin Amẹ́ríkà

Nígbà tí Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní Hawaii, ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1941, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ rẹpẹtẹ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin tó wà ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà: Smith, Wellesley, Vassar, Mount Holyoke, Bryn Mawr. Àwọn kan ń kọrin, àwọn kan ń ṣeré orí ìtàgé, àwọn kan ń tẹ ìwé ìròyìn, àwọn mìíràn ń gun òkè lópin ọ̀sẹ̀. Ní Bryn Mawr, láti 1892 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe òfin ara wọn fúnra wọn. Ẹni tó bá rò pé ogun yóò tú irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká kò mọ bí wọ́n ṣe wúlò tó. Ìjọba àti Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa (Red Cross), tó ń ṣètọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, ń wá ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí wọn kò ní sanwó fún, ètò tí yóò kó àwọn ọwọ́ náà jọ sì ti wà nílẹ̀ kí ogun tó dé.

Smith, nílùú Northampton, ni ètò náà ti hàn kedere jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í há mọ́ra nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì ràgàjì kan níbẹ̀. Inú ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ tirẹ̀, yàrá ìjẹun tirẹ̀, àti ààrẹ tí àwọn ọmọ ilé dìbò yàn. Ẹgbẹ́ tó bá ní ọ̀rọ̀ í sọ kò ní láti máa wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọbìnrin kiri. Tí ẹnì kan bá ti dìde nídìí oúnjẹ alẹ́, gbogbo ilé ti gbọ́. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn yóò fi orúkọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì fi orúkọ sílẹ̀ tí kò yọjú, àwọn tó ń bá a jẹun ní tábìlì kan náà ni yóò bi í léèrè. Ojú àwọn ará ilé yìí lágbára ju òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì èyíkéyìí lọ.

Ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ ogun gbà wọlé. Alágbèélébùú Pupa á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìlànà bí a ṣe ń ká a di bándéèjì, àwọn ọmọbìnrin á wé orí, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká. Òwú wúlù náà ń wá bẹ́ẹ̀, àwọ̀ kakí fún ọmọ ogun orí ilẹ̀, búlúù tó pọ́n dúdú fún ti ojú omi, àwọn kan sì ń hun súwẹ́tà nínú kíláàsì nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀.

Owó ni wọ́n fi ọgbọ́n kó jù. Ìwé ẹ̀yáwó tí ìjọba fi ń gba owó ogun lọ́wọ́ aráàlú, èyí tó kéré jù jẹ́ dọ́là 18.75, lẹ́yìn ọdún 10 ni yóò sì di dọ́là 25. Iye yẹn pọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, wọ́n ń ta sítáǹbù ogun ní sẹ́ńtì 10 tàbí 25. Tí ènìyàn bá ti lẹ 75 nínú ti sẹ́ńtì 25 mọ́ ìwé rẹ̀, ó pé dọ́là 18.75 gééré, ó sì lè gba ojúlówó ìwé ẹ̀yáwó. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ta á fún akẹ́kọ̀ọ́. Fún ijó alẹ́, wọ́n á to sítáǹbù náà bí òdòdó tí ọmọbìnrin ń fi sáyà. Òdòdó á rọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n sítáǹbù ṣì wúlò.

Ijó alẹ́ fúnra rẹ̀ ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin ti lọ sógun, epo bẹntiróòlù sì di ohun tí wọ́n ń fi ìwé pín ní gbogbo Amẹ́ríkà láti oṣù Kejìlá 1942. Láti oṣù Keje 1943, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ológun ojú omi ń kọ́ ní Dartmouth àti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn wá di àlejò tó ṣeé pè. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbá ilẹ̀, tó ń gbé oúnjẹ, náà ti bá owó lọ sí ilé iṣẹ́ ohun ìjà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ fúnra wọn. Ní Vassar, a fún wọn láyè láti parí ẹ̀kọ́ ọdún 4 láàárín ọdún 3. Ká sọ tòótọ́, àkókò gan-an ló wọ́n àwọn ẹgbẹ́ jù, ó tún wọ́n wọn ju owó lọ.

Àyè náà dínkù. Ní oṣù Kẹjọ 1942, ológun ojú omi ṣí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin láti di ọ̀gá ológun sí Smith, wọ́n gba ilé Capen, Gillett àti Northrop lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mildred McAfee, ààrẹ Wellesley, ni wọ́n fi ṣe olórí gbogbo obìnrin ológun ojú omi náà.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tún gba àwọn tí ìjọba ń lé. Láti 1942, wọ́n kó àwọn ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìran Japan kúrò ní etíkun ìwọ̀ oòrùn lọ sí àgọ́ tí wọ́n fi wáyà ká. Ìgbìmọ̀ kan dìde ní oṣù Karùn-ún ọdún náà láti wá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yóò gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àárín wọn. Ó lé ní 3,000 tí wọ́n ràn lọ́wọ́, Smith sì wà lára àwọn tó gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n Alágbèélébùú Pupa tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣiṣẹ́ fún yìí kọ ẹ̀jẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ dúdú fẹ́ fi tọrẹ pátápátá ní ìparí 1941. Nígbà tí wọ́n wá gbà á ní 1942, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹgbẹ́ kan wà tí kò sí lórí pátákó ìkéde kankan. Ológun ojú omi ní kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin mélòó kan bá wọn yan àwọn tó mọ̀wé gan-an. Wọ́n á pe ọmọbìnrin kan níkọ̀kọ̀, wọ́n á bi í bóyá ó fẹ́ràn àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn, àti bóyá àfẹ́sọ́nà kan ti wà tó fẹ́ gbé e níyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni fún àkọ́kọ́, rárá fún èkejì, ó ti wọlé nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kíkọ́ bí a ṣe ń tú àrokò ọ̀tá: lẹ́tà wo ló máa ń jáde jù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, èwo ló ń tẹ̀ lé èwo. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀rẹ́ tàbí òbí. Àwọn tó yege kó lọ sí Washington ní 1942.

Ogun parí ní 1945. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Vassar gba àwọn ọkùnrin tó ti ogun dé wọlé, ìjọba sì ń san owó ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin nìkan ni ìwé àṣẹ Vassar fàyè gbà, nítorí náà ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti gba oyè.