Ọwọ́ Òsì, Ìka Mẹ́ta, Àmì Ilẹ̀: Ṣé Awo Ni Ẹgbẹ́ Síkáòtù?

Láràárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ tó wọ káákí, tí wọ́n so sìkáàfù mọ́ ọrùn, máa ń péjọ sí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣàgámù, níbi tí mo ti ń ran àwọn olórí wọn lọ́wọ́. Èmi náà ti wọ káákí yẹn rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òbí tó bá mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀ kì í sábà béèrè ohun tí a fẹ́ kọ́ ọmọ náà. Ohun tí ojú wọn rí tí kò yé wọn ni wọ́n máa ń béèrè. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tó ń padà wá jọ síbí.

Mo rí ọmọ mi tó na ọwọ́ òsì sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ ń kọ́ wọn nìyẹn?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ìyá tó béèrè rẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ká nà án sí àgbà. Ọmọ tó bá fi òsì gba ẹran lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìgbátí ni yóò fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun míì wà lábẹ́ ìbéèrè náà tí ìyá yìí ò fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àwọn Òṣùgbó, àwọn tí wọ́n ń pè ní Ògbóni níbòmíràn, ni a mọ̀ mọ́ ìbọwọ́ òsì. Bàbá kan ní Ìpẹ́rù kò tilẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ní tiẹ̀: "Ẹ fẹ́ mú àwọn ọmọ wa wọ ilédì láì sọ fún wa." Ilédì ni ilé ìpàdé awo wọn.

Kò sí ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀dọ̀ Robert Baden-Powell, ọ̀gágun ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ẹgbẹ́ Síkáòtù sílẹ̀, ni ìbọwọ́ yìí ti wá. Ìtàn tí àwọn Síkáòtù ń sọ fún ara wọn ni pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Kùmásí nílẹ̀ Àṣáńtì ní 1896, ọkùnrin yìí na ọwọ́ ọ̀tún sí ìjòyè kan. Ìjòyè náà ní rárá, pé òsì ni àwọn akíkanjú fi ń kí ara wọn lọ́dọ̀ tàwọn. Ìdí rẹ̀ ni pé ọwọ́ òsì ni jagunjagun fi ń di asà mú. Kó o tó lè fi ọwọ́ yẹn kí èèyàn, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé asà sílẹ̀, ìyẹn ni pé o ò bẹ̀rù onítọ̀hún mọ́. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà sọ ìtàn náà, àwọn kan sì ní tìtorí pé òsì ló sún mọ́ ọkàn ni. Ti asà ló wù mí jù. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ èèyàn dúdú bíi tiwa ni òyìnbó ti kọ́ ọ.

Síkáòtù sí Síkáòtù nìkan ni ọwọ́ òsì wà fún. Bí ọmọ bá délé, kó dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí tó bá na òsì sí bàbá rẹ̀, èmi gan-an ni n ó kọ́kọ́ bá a wí.

Ìka mẹ́ta tí wọ́n ń nà sókè ńkọ́?

Ìlérí mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ni: iṣẹ́ wọn sí Ọlọ́run àti sí orílẹ̀-èdè, ìrànlọ́wọ́ fún ọmọlàkejì nígbà gbogbo, àti ìgbọràn sí òfin Síkáòtù, tó jẹ́ mẹ́wàá. Àtàǹpàkò tó tẹ ọmọńdinrín mọ́lẹ̀ ní tiẹ̀ ń sọ pé kí alágbára máa dáàbò bo ẹni tí kò lágbára. Kò sí ohun míì lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé ọmọ ogun kéékèèké ni wọ́n? Kí ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀ sí Bọ́ìsì Brigédì?

Ọ̀dọ̀ ọmọ ogun ni èrò náà ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Láàárín 1899 sí 1900, àwọn Boer, òyìnbó tó ti tẹ̀dó sí gúúsù Áfíríkà, sàga ti ìlú Mafeking níbẹ̀ fún ọjọ́ 217, Baden-Powell sì ni olórí àwọn tó wà nínú ìlú. Wọ́n kó àwọn ọmọdékùnrin jọ láti máa jíṣẹ́ kiri kí àwọn àgbà lè ráyè jà. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ gidi lé àwọn ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n ṣe é bí àgbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, ó kó nǹkan bí ogún ọmọ lọ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti dán èrò náà wò láìsí ìbọn. Àwọn kan jẹ́ ọmọ olówó láti ilé ìwé ńláńlá, àwọn kan sì jẹ́ ọmọ Brigédì.

Ẹ rí i pé Brigédì ti wà ṣáájú. Ní Glasgow ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1883, ó sì dé Èkó ní 1908. Síkáòtù dé Èkó ní 1915, ẹgbẹ́ ti Nàìjíríà sì di ara ẹgbẹ́ àgbáyé ní 1961. Ẹgbẹ́ Kristẹni ni Brigédì, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé. Síkáòtù ń béèrè pé kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò yan ẹ̀sìn fún un. Ní Ìjẹ̀bú, níbi tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà lábẹ́ òrùlé kan, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní káàǹpù wa, bí àkókò ìrun bá tó, àwọn tó ń kírun á lọ ṣe àlùwàlá, àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Mi ò tíì rí i kó dìjà.

Ti yíyan bí ọmọ ogun, ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún, àti ọjọ́ òmìnira, 1 oṣù kẹwàá, ni ẹ ti ń rí i. Kò ju ìyẹn lọ, mo sì rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń yan láti January dé December ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe fún ìlú?

A máa ń pín wọn sí pátírólù, ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ bíi tiwọn ló sì ń darí wọn. Olórí ọ̀hún, tó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló ń pín iṣẹ́, òun náà sì là ń bi bí iṣẹ́ ò bá dáa. Wọ́n ń gbin igi, wọ́n ń pọnmi fún àwọn arúgbó tí ọmọ wọn wà ní Èkó, wọ́n ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà níbi ìsìn àti ayẹyẹ.

Gọ́tà ni mo fẹ́ sọ. Lọ́dún kan, kí òjò tó dá, a lọ kó gọ́tà ẹ̀bá ọjà kan ní Rẹ́mọ. Àwọn ìyá ọlọ́jà kọ́kọ́ ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní àwọn ọmọ onísìkáàfù ò ní lè gbé ṣọ́bìrì. Ọ̀rá piọ-wọ́tà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ewé inú àpò ẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀ ni bàtà ọmọdé kan àti odindi ìgò epo wà nísàlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn ìyá náà ti gbé ìgbálẹ̀ wá, ọ̀kan tilẹ̀ dín àkàrà fún gbogbo wa. A kó ẹrọ̀fọ̀ náà jọ sí ẹ̀bá títì. Ọ́fíìsì tó yẹ kó wá kó o ti ṣèlérí pé ọkọ̀ àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọkọ̀ ò dé, òjò sì rọ̀. Gbogbo ẹrọ̀fọ̀ náà padà sínú gọ́tà, àwọn ìyá ọjọ́sí sì ń wò wá.

Láti ọjọ́ náà, a kì í gbẹ́ gọ́tà kí ọmọlanke tó dúró síbẹ̀. Àwọn ọmọ náà ló mú àbá yẹn wá. Wọ́n máa ń kígbe "Ẹ múra sílẹ̀!", gbólóhùn ẹgbẹ́ wọn, ní gbogbo Sátidé, ẹrọ̀fọ̀ yẹn ló sì là á yé wọn.

Níbi ìnáwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ tó bá mi wá ibi tí mo máa gbé ọkọ̀ sí kọ owó mi. Ṣé ìgbéraga ni?

Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ pé owó tí àgbà bá fún ọmọdé, títì í padà jẹ́ àrífín, pàápàá lójúde ẹni tó ń náwó ní Ìjẹ̀bú, níbi tí a ti ń fi owó lẹ iwájú orí onílù. Òfin wa ni pé kí Síkáòtù ṣe oore kan ó kéré tán lójúmọ́, kó má sì gba owó rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ nípa William Boyce, ará Amẹ́ríkà kan tó ń tẹ ìwé ìròyìn, pé ní 1909 ó ṣìnà nínú kùrukùru ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ kan mú un débi tó ń lọ, ọkùnrin náà na owó sí i, ọmọ náà ní òun ò gbà á, Síkáòtù lòun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Boyce dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ọmọ náà títí dòní.

Ṣùgbọ́n ọmọ Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni tiwa. Ohun tí a ń kọ́ wọn ni kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀ kọ́kọ́, kí wọ́n ní "Ẹ ṣé, sà, ẹ̀yin náà á rí oore gbà." Bí àgbà bá ṣì ta kú, kí wọ́n ní kó fi sínú àpótí ẹgbẹ́. Ọmọ tó bá yín pàdé kàn sọ pé "Rárá," ó sì yíjú padà. Ẹ̀bi wa ni, a ti bá a sọ ọ́.

Kí ni okùn tí ọmọ mi ń so mọ́ gbogbo ẹsẹ̀ àga nílé?

Ìso ló ń kọ́. Àkọ́kọ́ tí wọ́n ń mọ̀ rọrùn: ọ̀tún lé òsì, òsì lé ọ̀tún. Ẹ mú orí okùn méjì. Ẹ gbé ti ọwọ́ ọ̀tún lé ti òsì, kó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Èyí tó wá bọ́ sí ọwọ́ òsì nísinsìnyí, ẹ gbé e lé ti ọ̀tún, kó gba abẹ́ tirẹ̀ náà, kí ẹ fà á. Bó bá dáa, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, etí okùn méjèèjì á sì sùn ti okùn tó bí wọn. Bí ẹ bá fi ọ̀tún lé òsì lẹ́ẹ̀mejì, ìso náà á dàbí èyí tó dáa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á yọ gbàǹgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ní pẹ́ tú. Òun náà ló wà nísàlẹ̀ okùn tó yí bájì Síkáòtù àgbáyé ká.

Torí pé ó tẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi so báńdéèjì: kì í gún ẹni tó fara pa. Mo ti rí ọmọ ọdún méjìlá kan tó tú sìkáàfù ọrùn rẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà gbé ọmọ kan ṣubú. Kò fa apá ọmọ náà rárá, kò sì gbìyànjú láti nà án. Ó fi sìkáàfù gbé e kọ́ ọrùn bó ṣe bá a, ó so ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ó ní ká máa lọ sí ọsibítù. Èmi tí mo dàgbà jù ú lọ ṣì ń wá ẹni tí mo máa pariwo mọ́.

Ṣé wọ́n ń gba ọmọbìnrin?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn Gáìdì (Girl Guides), ẹgbẹ́ obìnrin, ṣì wà lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá wù.

Mo jí, mo bá òkúta kéékèèké tí wọ́n tò yí po níwájú ilé mi, òkúta kan ṣoṣo láàárín. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Mo ti lọ sílé." Ọ̀kan nínú àwọn àmì tí wọ́n fi ń tọ ipasẹ̀ ara wọn nínú igbó ni. Igi tí wọ́n tò bí orí ọfà ń sọ pé kí o gba ibẹ̀, èyí tí wọ́n fi dábùú ara wọn ń sọ pé má gba ibẹ̀. Àwọn bàbá wa ní Ìjẹ̀bú kò bá ti rí i bí ohun àjèjì, àwọn tó ń fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ síni pé ọkàn àwọn ń fà sí i. Àrokò ọmọdé ni. Àmì òbìrìkìtì yẹn náà ló wà lórí ibojì Baden-Powell ní Nyeri, ní Kẹ́ńyà, níbi tó kú sí ní 1941.

Ọmọ ìyá tó béèrè èyí ló tò ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tọ ipasẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ọmọ tó ti ilé ìwé dé láti ṣàlàyé, ìyá náà ti pe wòlíì, wòlíì ti rí ọ̀tá mẹ́ta nínú ìran, ó sì ti gba owó àbẹ́là méje. Ìyá náà padà lọ bá a. Wòlíì ní wọ́n ti tan àbẹ́là.