Ta ló ń sanwó béésìbọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, kí ló sì dé tówó náà fi ń gbẹ?

Eré 162 ni tíìmù béésìbọ́ọ̀lù kan ń gbá nínú sáà kan ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, láti ìparí oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án. Kò sí ṣánẹ́ẹ̀lì ńlá kankan tó lè gbé gbogbo ìyẹn fún tíìmù 30, ìdí nìyẹn tí agbègbè kọ̀ọ̀kan fi ní ṣánẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ tó ń gbé eré tíìmù ilé, òun ni wọ́n ń pè ní RSN (regional sports network). RSN yìí ló ń sanwó gọbọi fún tíìmù lọ́dọọdún, owó yẹn sì wà lára ohun tí tíìmù fi ń san àwọn àgbábọ́ọ̀lù, àmọ́ ibi tí RSN fúnra ẹ̀ ti ń rówó lọ́rọ̀ wà.

Kì í ṣe ọwọ́ àwọn tó ń wo béésìbọ́ọ̀lù nìkan lowó ti ń wá o. Ẹni tó bá fa kébù wọlé tàbí tó gbé díìṣì sórí òrùlé, gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì pọ̀ ló ń rà, kò lè ní òun fẹ́ ti ìròyìn kóun má fẹ́ ti bọ́ọ̀lù. Iléeṣẹ́ kébù á wá yọ dọ́là mélòó kan nínú owó tí ilé kọ̀ọ̀kan san lóṣù, á kó o fún RSN. Ìyá àgbà tó jẹ́ pé ìròyìn àti ètò oúnjẹ sísè nìkan ló ń wò, tí ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbá béésìbọ́ọ̀lù, òun náà ń san. Ká ní ilé mílíọ̀nù kan ló ní kébù lágbègbè kan, tí RSN ń gba dọ́là 5 lórí ilé kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 5 dọ́là nìyẹn lóṣù, mílíọ̀nù 60 lọ́dún. Ká wá ní ilé 100,000 péré ló ń wo eré yẹn lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá ní káwọn nìkan dá owó náà san, dọ́là 50 ló máa kan ilé kọ̀ọ̀kan lóṣù, mélòó nínú wọn ló máa san án? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn.

Owó yẹn wọlé gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tíìmù Red Sox ti Boston ti ní RSN tiwọn, NESN, láti 1984, Yankees ti New York dá tiwọn, YES, sílẹ̀ ní 2002, Dodgers ti Los Angeles wá bá iléeṣẹ́ kébù Time Warner Cable ṣe àdéhùn ọdún 25 tí iye ẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 8.35 dọ́là, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Àmọ́ ọ̀dọ̀ Dodgers yẹn gan-an lèèyàn ti lè rí i pé nǹkan ti ń wọ́. Owó tí wọ́n ní kí àwọn iléeṣẹ́ yòókù máa san lórí ilé kọ̀ọ̀kan pọ̀ débi pé DirecTV, iléeṣẹ́ díìṣì, àtàwọn mí-ìn kọ̀ jálẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé ní Los Angeles ò ṣe rí tíìmù ìlú wọn wò mọ́ nìyẹn títí di 2020. Vin Scully tó ti ń sọ eré Dodgers látìgbà tí wọ́n ṣì wà ní Brooklyn, tó jẹ́ pé ohùn ẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ Los Angeles gbọ́ dàgbà, fẹ̀yìn tì ní 2016, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ jù ò sì rí púpọ̀ nínú ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn iṣẹ́ ẹ̀ wò nílé ara wọn. Ó dunni gan-an.

Ìgbà tí Netflix àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbòde, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í já kébù sílẹ̀. Àwọn tí ò wo eré ìdárayá ló sì rọrùn fún jù láti lọ, ìyẹn àwọn bí ìyá àgbà yẹn, tó jẹ́ pé owó wọn ló ń gbé RSN dúró. Tí RSN bá wá fowó lé e fáwọn tó kù kí owó tiẹ̀ má bàa dín kù, àwọn mí-ìn á tún já, bẹ́ẹ̀ owó tó ti ṣàdéhùn pé òun á san fún tíìmù ò dín, ńṣe ló ń ga sí i lọ́dọọdún.

Àárín èyí ni Sinclair, iléeṣẹ́ tó ní ọ̀pọ̀ ilé tẹlifíṣọ̀n, wá lọ ra RSN 21 lọ́wọ́ Disney ní 2019, owó náà sún mọ́ bílíọ̀nù 10 dọ́là, gbèsè ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn bójú tó o, Diamond Sports Group, sọ àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì náà ní Bally Sports, àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2023 wọ́n ti sá lọ sí kóòtù pé apá àwọn ò ká gbèsè mọ́, ó lé ní bílíọ̀nù 8. Wọ́n jáde ní kóòtù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 pẹ̀lú orúkọ mí-ìn, tíìmù tó kù lọ́wọ́ wọn ò sì pọ̀ tó tàtẹ̀yìnwá.

Padres ti San Diego lọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 dọ́là ló yẹ kí wọ́n máa gbà lọ́dún, owó ò wọlé nígbà tó yẹ, nígbà tó di May 30, 2023, Diamond ní àwọn ò ṣe mọ́. Lọ́jọ́ kejì Padres ní eré ní Miami. Líìgì fúnra ẹ̀, MLB, ló gbé eré náà, Don Orsillo àti Mark Grant tí wọ́n ti ń sọ eré wọn tẹ́lẹ̀ náà ló sì sọ ọ́, ẹni tó kàn tan tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ lè má mọ̀ pé ohunkóhun ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ nǹkan ti yí padà o, torí ilé tó lè rí Padres wò kúrò ní mílíọ̀nù 1.13, ó di mílíọ̀nù 3.26, ẹni tí ò ní kébù sì lè san dọ́là 19.99 lóṣù nígbà yẹn kó máa wò ó lórí fóònù.

Tẹ́lẹ̀, kò sóhun tó jọ ìyẹn. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní blackout: MLB ń ta eré gbogbo tíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ tó bá jẹ́ tíìmù àdúgbò rẹ, wọ́n á dí i mọ́ ẹ. Ìdí ni pé ohun tí RSN ń tà fún kébù gan-an ni pé kò síbòmíì téèyàn ti lè rí tíìmù yẹn, tó bá lè rí i lórí fóònù, kí ló fẹ́ fi kébù ṣe? Àwọn ará Iowa ló jìyà ẹ̀ jù. Kò sí tíìmù MLB kankan ní ìpínlẹ̀ wọn, síbẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dí mọ́ wọn: Cubs, White Sox, Cardinals, Royals, Twins àti Brewers. Ẹni tó fẹ́ sanwó, tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò gbà á. Ìwà yìí ò dáa rárá, ó sì ṣeé ṣe kó ti lé àwọn ọmọ kékeré kan kúrò nídìí eré náà.

Blackout ń kúrò fáwọn tíìmù tó ti wà lọ́dọ̀ MLB báyìí, àmọ́ owó ò tó ti tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n gba Padres yẹn, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó àdéhùn ni MLB ṣèlérí fún wọn. Yankees tó ní ìpín nínú YES ò ní irú ìṣòro yẹn, bẹ́ẹ̀ tíìmù tówó ẹ̀ dín kù máa ń bá Yankees du àgbábọ́ọ̀lù kan náà.

Rob Manfred tó jẹ́ olórí MLB ní ohun tóun fẹ́ ni kí wọ́n kó ẹ̀tọ́ láti gbé eré tíìmù 30 sórí tẹlifíṣọ̀n pọ̀ sójú kan, kí wọ́n tà á lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí àdéhùn wọn pẹ̀lú àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì ńlá bá parí ní 2028. Tíìmù kéékèèké ò ní kọ ìyẹn. Àwọn tó lówó ló máa le láti bá sọ ọ́, torí ọdún 25 tí Dodgers buwọ́ lù yẹn, 2038 ló máa pé.