Ẹnu ni kí ẹ wò: àlàyé lórí stylo à plume tí kò wọ́n

Bí ẹ bá wọ ilé ìtàwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí ẹ sì béèrè stylo à plume, gègé ẹlẹ́nu irin tó ń gbé tàdáwà tirẹ̀ kiri, ara rẹ̀ ni òǹtajà máa ń kọ́kọ́ yìn fún ẹni. Á ní ó ń dán, á ní ó wúwo lọ́wọ́, á ní ẹ wo góòlù tó wà létí ìdérí rẹ̀. Ara gègé kì í kọ̀wé. Ẹnu rẹ̀ ló ń kọ̀wé, ẹnu yẹn sì ni kí ẹ náwó lé. Ẹni tó bá mọ bí ẹnu ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ lè ra gègé kan ṣoṣo tí kò wọ́n, kó máa fi kọ ìwé ojoojúmọ́, kó sì tún máa fi kọ ìwé ọnà, irú èyí tí a ń rí lára ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí.

Plume ni irin pẹlẹbẹ tó wà lórí gègé náà, tí wọ́n tẹ̀ kó kọ́ díẹ̀, tí wọ́n sì là láàárín títí dé ṣóńṣó. Òun ni mò ń pè ní ẹnu. Kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn àlùfáà tó ń kọ wàláà ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu kálàmù wọn fúnra wọn. Àwọn bàbá wa tí wọ́n kàwé nígbà tí ilẹ̀ yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey mọ sergent-major, ẹnu irin kékeré tí wọ́n ń kì bọ orí igi. Ìṣòro àwọn méjèèjì ni pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mélòó kan, ọwọ́ á tún padà sínú ìgò tàdáwà. Stylo à plume ń gbé tàdáwà tirẹ̀ kiri nínú ara. Ní 1827, ọmọ Romania kan tó ń jẹ́ Petrache Poenaru gba ìwé àṣẹ irú gègé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Faransé. Ṣùgbọ́n kí tàdáwà máa jáde ní ìwọ̀n, kó má gbẹ, kó má sì ya lu ìwé, iṣẹ́ ńlá ni. Gègé tí Lewis Waterman gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1884 ló sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè fọkàn tán.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Omi a máa fúnra rẹ̀ wọ ibi tó bá há, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo gòkè láìsí ẹni tó tì í. Ìlà tín-ín-rín tó wà láàárín ẹnu ń fa tàdáwà bẹ́ẹ̀ títí dé ṣóńṣó. Bí ṣóńṣó bá ti kan ìwé, ìwé náà á gbà á. Lábẹ́ ẹnu yìí, ẹ ó rí ọ̀rá dúdú kan tó ní eyín wẹ́wẹ́ lára. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń mú tàdáwà wá láti inú, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé rọ́pò èyí tó jáde. Àárín àwọn eyín yẹn ni tàdáwà tó bá pọ̀ jù ń sá sí kó má baà kán sílẹ̀.

Nítorí náà, a kì í tẹ stylo à plume mọ́ ìwé. Bíìkì ló ń fẹ́ agbára, torí bọ́ọ̀lù kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ní yí dáadáa bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, tàdáwà inú rẹ̀ sì ki. Ìka akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi bíìkì da ẹ̀kọ́ kọ látàárọ̀ máa ń ro ó. Ní Faransé pàápàá, 1965 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bíìkì láyè ní ilé ìwé. Ẹni tí bíìkì ti mọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti rọ̀ nígbà tó bá gba stylo à plume. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ bíìkì, ìhà méjèèjì ẹnu á ya kúrò lára wọn, kò sì ní kọ dáadáa mọ́.

Ṣé dandan ni kí ẹnu jẹ́ góòlù? Rárá. Irin lásán tí kì í dípẹtà tó. Ohun tó ń fi ara gbo ìwé kì í tilẹ̀ ṣe góòlù tàbí irin yẹn fúnra rẹ̀. Wọ́n ń jó ẹyọ irin kékeré mìíràn tó le gan-an mọ́ ṣóńṣó, wọ́n sì ń dán an kó má ha ìwé. Bí ìdán yẹn bá dára, gègé olówó pọ́ọ́kú á yọ̀ lórí ìwé. Bí kò bá dára, góòlù kò ràn án.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìbú ẹnu. F ni tín-ín-rín, M ni àárín, B ni èyí tó fẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù máa ń ṣe tiwọn tín-ín-rín ju ti Yúróòpù lọ, tó fi jẹ́ pé M tiwọn fẹ́ẹ̀ bá F ti Jámánì dọ́gba. Kí ni kí a yàn? Ẹ wo kàyé tí ẹ ń lò. Kàyé Seyès tó kún gbogbo ilé ìwé wa ní àpótí tó ga ní mílímítà 8, ìlà wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sì jìnnà síra ní mílímítà 2. Inú mílímítà 2 yẹn ni lẹ́tà kékeré bí a àti e gbọ́dọ̀ gbà. Bí ẹnu bá fẹ̀ jù, ojú e á dí, ojú a náà á dí. Fún kàyé Seyès, F ni mo máa ń sọ fún ènìyàn pé kó rà, tàbí M bó bá jẹ́ ti Jàpáànù. Ẹni tó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì lórí àti àmì lábẹ́ tilẹ̀ nílò rẹ̀ ju ẹni tó ń kọ Faransé lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ẹnu pẹlẹbẹ. Ẹnu tí a ti ń sọ bọ̀ rí roboto ní ṣóńṣó, ìlà rẹ̀ kì í yí padà, ibikíbi tí ẹ bá fà á sí. Ẹnu pẹlẹbẹ kò ní ṣóńṣó roboto. Wọ́n gé e tẹ́jú, ìbú rẹ̀ lè jẹ́ mílímítà 1.1, tàbí 1.5, tàbí 1.9. Bí ẹ bá fà á síhà kan, ìlà á nípọn. Bí ẹ bá fà á síhà kejì, ìlà á tín-ín-rín. Ẹ kò tẹ̀ ẹ́, ẹ kò sì yí ọwọ́ padà. Ibi tí ọwọ́ ń lọ ló ń pààrọ̀ ìlà, ibẹ̀ sì ni ẹwà ìwé ọnà ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí èdè wa. Ẹ mú ẹnu pẹlẹbẹ, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú kí etí rẹ̀ dagun, kó wo òkè ọ̀tún àti ìsàlẹ̀ òsì, bíi dígírì 45. Ẹ kọ ọkọ́, ẹ wá kọ ọkọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Àmì òkè tó wà lórí ọkọ́ ń gùn láti ìsàlẹ̀ òsì lọ sí òkè ọ̀tún, ó bá etí ẹnu rìn, nítorí náà ó jáde tín-ín-rín bí irun. Àmì ìsàlẹ̀ tó wà lórí ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè òsì wá sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ó dábùú etí ẹnu, nítorí náà ó jáde ní gbogbo ìbú rẹ̀. Ohùn òkè fẹ́lẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ nípọn, lára gègé kan náà, láìjẹ́ pé ẹ gbìyànjú rẹ̀. Àmì abẹ́ ọ náà kì í rí roboto mọ́, ó di igun mẹ́rin kékeré tó fi orí dúró. Àwa tí a ń kọ ɛ àti ɔ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì ti Benin kò ní àmì abẹ́ láti rò, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn ɔ á nípọn lápá òkè, á sì fẹ́lẹ́ lápá ìsàlẹ̀. Mi ò tíì rí irinṣẹ́ ìkọ̀wé tó gbé ohùn Yorùbá yọ tó báyìí.

Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé lè ní láti yí ìwé rẹ̀ kí etí ẹnu tó lè dagun bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n ṣe pàtàkì níbí. Nínú ìkọ̀wé ọnà tí wọ́n ń pè ní italique, ara lẹ́tà kékeré máa ń ga tó ìbú ẹnu lọ́nà márùn-ún. Ẹnu 1.1 fẹ́ gíga mílímítà 5.5, ìyẹn sì súnmọ́ ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́ta lórí Seyès. Ẹnu 1.5 fẹ́ 7.5, tó súnmọ́ odindi àpótí kan. Kàyé ọmọ ilé ìwé ti tó láti fi kọ́ ọwọ́, ẹ kò nílò ìwé àkànṣe títí tí ọwọ́ yín fi máa dá. Ohun tí kò bá a mu ni pé kí ẹ fi ẹnu 1.5 kọ ẹ̀kọ́ sínú ìlà mílímítà 2. Kò sí ẹni tó máa lè kà á.

Wàyí o, èwo ni kí a rà? Bí owó bá kéré gan-an, Preppy ti ilé iṣẹ́ Platinum ní Jàpáànù ni mo fọwọ́ sí. Nǹkan bí euro 5 ni ní Yúróòpù, ìyẹn bíi 3,300 fáráǹkì sẹ́fà láìka owó tí wọ́n máa fi gbé e wá. Ọ̀rá ni ara rẹ̀, kò ní ẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìdérí rẹ̀ ní ìdérí mìíràn nínú tó ń ti ẹnu pa, tàdáwà kì í tètè gbẹ. Ẹni tó ń gbé Kétu tàbí Ṣábẹ̀ mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí ohun tó bá ní omi nínú.

Ẹni tó bá lè fi owó kún un kó wo Safari ti Lamy, tí wọ́n ti ń ṣe ní Jámánì láti 1980. Ó tó euro 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn láti bíi 13,000 fáráǹkì sókè. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé gègé kan ṣoṣo tó. Ẹnu rẹ̀ ń yọ. Ẹ lè fi F kọ̀wé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ fa F kúrò, kí ẹ ti ẹnu pẹlẹbẹ 1.1 tàbí 1.5 bọ ibẹ̀ bí iṣẹ́ ìwé ìgbéyàwó bá dé, owó ẹnu nìkan lẹ ó sì san. Ibi tí ìka ń dì mú lára rẹ̀ ní igun, kí ọwọ́ má baà ṣì í dì. Àwọn ẹlòmíràn kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ dì í mú kí ẹ tó sanwó.

Parallel ti ilé iṣẹ́ Pilot ń bẹ pẹ̀lú, tó jẹ́ irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n fi dojú kọra, ìbú rẹ̀ sì dé mílímítà 6. Ó dára fún àkọlé ńlá àti orúkọ lára ìwé ẹ̀rí. Kò ṣeé kọ létà sí ẹnikẹ́ni. Bó bá sì jẹ́ pé ọnà anglaise ni ẹ fẹ́, èyí tí ìlà rẹ̀ ń nípọn nígbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má ra stylo à plume olówó pọ́ọ́kú fún un. Ẹnu wọn kò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sí ẹnu orí igi àti ìgò tàdáwà, kò wọ́n rárá.

Ohun tó ń jẹ owó ènìyàn lẹ́yìn náà ni cartouche, ọ̀pá tàdáwà kékeré tí a ń tì bọ inú rẹ̀. Ọ̀kan wà tí gbogbo ayé ń lò, ó kúrú, Pelikan àti Schneider àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń gbà á. Lamy, Pilot àti Platinum ní tiwọn lọ́tọ̀, tiwọn kò sì wọ ara wọn. Kí ẹ tó ra gègé, ẹ béèrè bóyá òǹtajà ní cartouche tó bá a mu. Bí kò bá ní, ẹ má torí ìyẹn fi gègé tó dára sílẹ̀. Ẹ fi omi fọ cartouche tó ti tán, ẹ ra síríńjì ní ilé oògùn, kí ẹ máa fi fa tàdáwà láti inú ìgò sínú rẹ̀. Ìgò kan á pẹ́ lọ́wọ́ yín ju ọ̀pọ̀ páálí cartouche lọ.

Tàdáwà tí wọ́n kọ sí lára pé ti stylo ni kí ẹ rà. Encre de Chine, tàdáwà dúdú tí wọ́n fi ń yàwòrán, kò gbọ́dọ̀ dé inú stylo láé, torí ó ní oje tó ń le bó bá gbẹ, á sì dí ọ̀nà tàdáwà pa. Ẹnu orí igi ni ẹ lè fi kọ ọ́. Búlúù tó ṣeé pa rẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò kò ba gègé jẹ́, ṣùgbọ́n omi ń fọ̀ ọ́ kúrò, oòrùn ń pa á rẹ́. Ẹ má fi buwọ́ lu ìwé ilẹ̀.

Ooru wa náà ń ṣiṣẹ́ lára gègé. Bí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ bá gbóná, ó ń wú, á sì ti tàdáwà jáde. Gègé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ jù nínú, òun ló sì máa ń ba àpò ẹ̀wù jẹ́ lórí zémidjan, alùpùpù akérò, lọ́sàn-án gangan. Ẹ jẹ́ kó kún, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wo òkè nínú àpò.

Bí ẹ bá dé ọjà Ouando tàbí ilé ìtàwé, ẹ gbé ẹnu gègé sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó yọ owó. Ìhà méjèèjì ṣóńṣó gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ọ̀kan má ga ju èkejì. Ẹ bẹ òǹtajà pé kó jẹ́ kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ tàdáwà, kí ẹ wá kọ 8 lé ara wọn láì gbé ọwọ́, torí 8 ń gba gbogbo ìhà kọjá. Bó bá ha ìwé níhà kan ṣoṣo, tàbí tí ìlà já lójú kan, ẹ dá a padà kí ẹ gba òmíràn lára irú rẹ̀ kan náà. Lára gègé tí kò wọ́n, ọ̀kan máa ń dára ju èkejì lọ nínú páálí kan ṣoṣo.