Ẹ Fi Téèpù Wọn Iṣẹ́ Yín Kí Ẹ Tó Ra Awò

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Aṣọ híhun ti ń wu obìnrin kan láti ìgbà tó ti ń jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà nídìí òfì. Ó pé ọdún 48 kó tó ráyè. Ọmọ ti wọ yunifásítì, iṣẹ́ ìjọba ń lọ sópin, ó ra òwú, ó gbé òfì kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Kàbà tàbí Ìyàrà. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti ń wá ẹni tí yóò ra òfì náà. Orí ń fọ́ ọ, ọrùn ń dùn ún, òwú kan ń di méjì lójú rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà kò bá orí òun mu. Bí ẹ bá tún bi í síwájú, yóò ní ẹnì kan nínú agbo ilé ló fọwọ́ kan ojú òun.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Awò +2.50 tó rà lọ́wọ́ oníkiri ló ń bá a jà. Lọ́dọọdún là ń rí irú èyí níbi tí a ti ń yẹ ojú wò, láti Ìjùmú, láti Yàgbà, láti Bùnú, ó sì ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò padà sídìí iṣẹ́ tí ọkàn wọn ti fẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti ń na Bíbélì síwájú kó tó rí i kà mọ bí ojú ṣe ń rí lẹ́yìn ogójì ọdún. Òǹkà tó wà lára awò ni ẹ kò mọ̀. Ẹ fi òǹkà náà pín 100. Iye sẹ̀ǹtímítà tó bá jáde ni ibi tí awò náà ń bá ojú dé, fún ẹni tó ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa. +2.50 dé 40. Ohunkóhun tó bá jìnnà ju 40 lọ, yóò ṣú. +2.00 dé 50, +1.50 dé bíi 66, +1.00 dé mítà kan gbáko.

Òfì obìnrin ilẹ̀ wa, òòró ló dúró, bí ilẹ̀kùn. Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ń na apá síwájú ni, ojú rẹ̀ sí aṣọ á tó 55 sí 65. Bó bá wá gbé +2.50 wọ̀, kò ní rí òwú àfi bó bá tẹrí síwájú títí ojú á fi súnmọ́ 40. Wákàtí mẹ́ta lórí ìtẹríba bẹ́ẹ̀, ọrùn á ké. Nítorí pé ojú fúnra rẹ̀ ṣì ní agbára díẹ̀ tó ń fi kún ti awò, ẹni ọdún 48 tó ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa lè má nílò ju +0.75 nídìí òfì, ẹni ọdún 60 ó lè má ju +1.25 tàbí +1.50. Ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní 33 ló nílò awò tó lágbára. Ẹni tó ń ya àwòrán lórí pátákó tó dúró, tirẹ̀ lè tó 70. Awò kan kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí.

Nítorí náà, ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó gan-an nígbà tí ara bá ti balẹ̀ sídìí iṣẹ́, kí ẹlòmíì fi téèpù télọ̀ wọ̀n láti igun ojú yín dé ibi tí ìka yín ti ń kan òwú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un wá. Ẹ mú òwú tó dúdú jù nínú iṣẹ́ yín dání. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé inú ojú ẹni 60 ọdún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń dé inú ojú ọmọ 20. Ẹ gbé òfì sí ibi tí fèrèsé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó má ṣe wà lẹ́yìn aṣọ kó máa tàn sí yín lójú. Bí òwú bá jẹ́ dúdú tàbí aró, ẹ na aṣọ funfun sẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni àwa tó ń yẹ ojú wò fi ń kọ́ iṣẹ́ wa ní yunifásítì. Oníkiri kò mọ̀ pé ojú ọ̀tún yín lè yàtọ̀ sí tòsì, bákan náà ni awò méjèèjì tó ń tà. Kò sì ní sọ fún yín pé ẹni ọdún 58 tó ṣàdédé ń kàwé láìlo awò mọ́, tó ń jẹ́rìí pé ojú òun ti padà di tọ̀dọ́, lè jẹ́ pé funfun tó ń bo ẹyinjú, kátárátì, ló ti bẹ̀rẹ̀, tàbí pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń dà á láàmú. Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ti kọ ọ́ léraléra pé ìtọ̀, wàrà ọmú àti omi ṣúgà kì í ṣe oògùn ojú. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìgò kékeré tí ẹ rà nígbà àpólò, tí pípọ́n ojú lọ lọ́jọ́ kejì, tí ẹ wá ń kán an lọ fún oṣù mẹ́fà nítorí pé òwú ń ta yín lójú. Ẹ ka ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone, ẹ dáwọ́ ríra rẹ̀ fúnra yín dúró lónìí, kí ẹ sì wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè mú kí agbára omi inú ojú ẹlòmíì ru gòkè. Láti 10 dé 21 mmHg, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára náà, ló máa ń wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bó bá ga fún ìgbà pípẹ́, á máa pa iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ. Glaucoma nìyẹn. Iṣan tó bá ti kú kì í jí mọ́, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Àwa aláwọ̀ dúdú ló máa ń tètè mú, kódà láìlo oògùn kankan, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí.

Kì í sábà dunni. Etí ojú ló ti ń jẹ wọlé, àárín ló ń kẹ́yìn. Ahunṣọ ń wo àárín láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ á ṣì máa dán nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ti lọ tán. Bí ẹ bá ń forí gbá férémù ilẹ̀kùn, bí ọ̀kadà bá ń yọ sí yín láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹni bọ́ látọ̀run, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà. Ẹni tó bá ti lé ní 40, kí a wọn agbára omi ojú rẹ̀, kí a wo iṣan náà fúnra rẹ̀, kí a dán ẹ̀gbẹ́ ojú wò, nítorí òǹkà lè dára kí iṣan máa kú síbẹ̀. Ẹni tí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọ́jú láìmọ ohun tó fà á, kó tètè wá ṣáájú 40.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kó gbogbo ìgò oògùn ojú tó wà nílé sínú ọ̀rá kan, àti èyí tó ti tán.