Ẹ̀rọ láàbù tí kọ̀ǹpútà ò dá mọ̀: ṣé dráífà ló jẹ̀bi?

Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan ní Zaria. Gwagwalada lèmi ti ń tún ẹ̀rọ láàbù ṣe. Wọ́n ra spectrophotometer tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń wo bí omi àyẹ̀wò ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ mu tó. Wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kò sí èsì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ síbí, torí kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í bi mí ní ọ̀kan nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbí ní dráífà ni ò sí. Kí ni dráífà gan-an?

Kì í ṣe dírẹ́bà tó ń na Kubwa sí Berger. Ògbufọ̀ ni. Rántí ọjọ́ tó o kọ́kọ́ ra tòmátì ní ọjà Sabon Gari, tó ò tíì gbọ́ Hausa: ò ń sọ tìẹ, màláàmù ń sọ tiẹ̀, àfìgbà tí ẹnìkan bọ́ sí àárín yín. Ẹ̀rọ yẹn ní èdè tiẹ̀, Windows náà ní tiẹ̀. Dráífà ló ń túmọ̀. Ṣùgbọ́n tó ò bá tíì dé ọjà, kí ni ògbufọ̀ fẹ́ ṣe fún ọ? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á máa wá dráífà kiri, nígbà tó jẹ́ pé wáyà ló já.

Ìbéèrè: Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá mo ti dé ọjà?

Ṣí Device Manager, ibi tí Windows ti ń to orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn. Yọ wáyà, tún un kì bọ̀ ọ́, kó o sì tẹjú mọ́ àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀. Tí ohunkóhun ò bá yí padà, má wulẹ̀ dárúkọ dráífà: kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé àlejò wọlé. Pààrọ̀ wáyà. Okùn mẹ́rin ló wà nínú wáyà USB 2.0, irú èyí tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò: méjì fún iná, méjì fún ọ̀rọ̀. Àwọn wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, òmíràn nínú wọn ò ní ti ọ̀rọ̀ rárá.

Tí orúkọ kan bá jáde pẹ̀lú àmì ìkìlọ̀ yẹ́lò, inú mi dùn. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ka kódù rẹ̀. 28: dráífà ò sí. 10: dráífà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. 43: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ní òun ní ìṣòro. 52: Windows ò gba ìbuwọ́lù tó wà lára dráífà náà gbọ́.

Ìbéèrè: 10 ni mo rí. Wọ́n fi wáyà kan tó ní ẹnu USB lápá kan, ẹnu oníabẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án lápá kejì, so ó.

Ẹ̀hẹ́n. Kì í ṣe spectrophotometer ni kọ̀ǹpútà ń rí nígbà náà. Wáyà alárinà yẹn ló ń rí. Ẹnu oníabẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án yẹn, RS-232 là ń pè é, ọdún 1960 ni ìlànà rẹ̀ ti wà, láptọ́ọ̀pù ayé ìsinsìnyí ò sì ní in mọ́. Ni wọ́n fi ń kó ṣíìpù kékeré kan sí orí wáyà láti bá USB sọ̀rọ̀. Dráífà ṣíìpù yẹn lò ń wá.

Lọ sí Details, yan Hardware Ids. Wo ohun tó tẹ̀lé VID, nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù náà: 0403 ni FTDI, 067B ni Prolific, 1A86 ni WCH tó ń ṣe CH340. Tó bá jẹ́ 067B, fura. Ayédèrú Prolific pọ̀ lọ́jà bí erùpẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe dráífà tuntun tí kì í bá ayédèrú àti ṣíìpù rẹ̀ àtijọ́ ṣiṣẹ́. FTDI tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: lọ́dún 2014, dráífà wọn ń yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ayédèrú padà sí 0, wáyà á sì di òkú. Ariwo ta, wọ́n fà á padà.

Àwọn kan máa ń padà sí dráífà àtijọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títí Windows Update á fi tún gbé tuntun dé lóru. Èmi ò ní jìyà yẹn. Mo ti ra ayédèrú rí ní pílásà kan l'Ábújá tí mi ò ní dárúkọ, tí wọ́n kọ "original" gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Ra òmíràn. Dráífà rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ṣíìpù ni kó o ti gbà á; àwọn ètò tó ń pariwo pé àwọn á bá ọ wá gbogbo dráífà, yà fún wọn.

Ìbéèrè: Síídì ẹ̀rọ náà ń kọ́? Windows XP ni wọ́n kọ sí i lára, Windows 11 ni tiwa.

Ẹ̀rọ RS-232 kì í sábà ní dráífà tiẹ̀, nítorí náà dán ètò inú síídì wò, ó lè ṣiṣẹ́. Èyí tó le ni ẹ̀rọ oní-USB tó gbé dráífà 32-bit wá, irú tí wọ́n ṣe fún Windows àtijọ́: Windows 64-bit bíi tiyín ò ní gbà á láéláé, compatibility mode, ìyẹn kí Windows máa ṣe bí ti àtijọ́, ò sì ràn án. Wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún un, kó o má sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, torí láti April 2014 ni Microsoft ti jáwọ́ lọ́rọ̀ XP.

Ìbéèrè: A ti ra wáyà tuntun. Àmì yẹ́lò ti lọ, COM7 ló kọ. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ò fọhùn.

Ògbufọ̀ ti ṣe tiẹ̀. COM7 ni orúkọ tí Windows fún ẹnu ọ̀nà wáyà yẹn. Àwọn ètò àtijọ́ kan ò mọ̀ ju COM1 sí COM4 lọ. Lọ sí Port Settings, Advanced, yí i sí COM3. Ti gbogbo ètò mìíràn tó lè di ẹnu ọ̀nà yẹn mú, torí ẹyọ kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ṣí ìwé ẹ̀rọ náà, wo baud rate, ìyẹn ìyára tó fi ń sọ̀rọ̀. Tó o bá rí lẹ́tà rádaràda lójú kọ̀ǹpútà, jó: wáyà dáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyára ni ò bára mu. Tí o kò bá rí nǹkan kan, ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ 2 àti 3 ní láti gba ipò ara wọn. Wáyà null modem ló ń ṣe ìyẹn.

(Rádaràda ló rí. 2400 ni ìyára ẹ̀rọ yẹn. 9600 ni wọ́n ti ń fi pè é láti ọjọ́ kìíní.)

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán a já.

Nínú Device Manager, lábẹ́ Power Management, yọ àmì tó ń gba kọ̀ǹpútà láyè láti pa ẹnu yẹn kó lè fi iná pamọ́. Tí kò bá lọ, rántí pé ọyẹ́ ti dé. Iná ara tó ń ta ọ nígbà tó o bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn irin, òun náà lè já USB. Fọwọ́ kan irin tó ní áàtì kó o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kó o sì so ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà mọ́ UPS kan náà, kì í ṣe ọ̀kan lára jẹnẹrétọ̀, ìkejì lára iná ìjọba.